Ẹ Bi Wá: Kẹ̀kẹ́ Gravel Láàárín Oko Ìrẹsì àti Òkè ní Piemonte

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin olùkàwé wa. Lẹ́tà lórí gígun kẹ̀kẹ́ gravel, kẹ̀kẹ́ onítáyà fífẹ̀ tó ṣeé gùn lórí ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́, ní Ítálì ti pọ̀ nílẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan la máa sọ ní abala yìí lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń béèrè nípa Piemonte, lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn níbi tí oko ìrẹsì ti kan òkè, inú mi sì dùn sí i gan-an torí mi ò mọ ibi tí mo tún fẹ́ràn jù ú lọ fún kẹ̀kẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. London lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń gbé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ gravel, ọjọ́ mẹ́rin la fẹ́ lò ní Ítálì. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo Toscana sí wa létí, ẹnì kan ṣoṣo ló ní ká lọ sápá Vercelli níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì. Ṣé nǹkan gidi wà níbẹ̀? — Ọmọ Ológeere, London

Ìdáhùn: Àbúrò, nǹkan gidi wà níbẹ̀, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín fẹ́ràn yín ni. Mi ò bú Toscana o, ọ̀nà funfun wọn dáa, L'Eroica, ìrìn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Gaiole in Chianti lọ́dún 1997, wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n, àmọ́ òkè lórí òkè ni, ẹ ó gùn ẹ ó sọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì orúnkún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ á ti máa bẹ̀bẹ̀. Ti Vercelli ò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni láti Chivasso títí dé Novara, oko ìrẹsì lọ́tùn-ún, oko ìrẹsì lósì, ọ̀nà àwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ ló la àárín wọn kọjá, tójú ọjọ́ bá sì mọ́ ẹ ó máa wo Monte Rosa lọ́ọ̀ọ́kán, òkè tó ga ní mítà 4,634 tí yìnyín kì í tán lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣáà sọdá odò Po, ilẹ̀ á yí padà mọ́ yín lọ́wọ́, oko ìrẹsì á dópin, òkè Monferrato pẹ̀lú oko àjàrà á bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ibòmíì tí èèyàn ti lè rí méjèèjì láàárín wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní ọjọ́ mẹ́rin yẹn, báyìí ni mo ṣe máa lò ó. Ọjọ́ kìíní, mo máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Chivasso, mo máa tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ Canale Cavour, omi ńlá tí wọ́n gbẹ́ fún oko ìrẹsì, gba Saluggia àti Livorno Ferraris títí dé San Germano Vercellese, kí n tó wá yà sọ́wọ́ ọ̀tún lọ sùn ní Vercelli, nǹkan bíi 60 km ni gbogbo ẹ̀, kò sóke kankan ńbẹ̀. Livorno Ferraris yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n bí Galileo Ferraris sí lọ́dún 1847, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà lára àwọn tó jẹ́ ká ní mọ́tò iná mànàmáná irú èyí tó wà nínú fáànù àti ẹ̀rọ omi wa lónìí, torí náà ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, ẹ gba gúúsù lọ sí Lucedio, ilé ńlá táwọn mọ́ńkì Cistercian dá sílẹ̀ lọ́dún 1123, ilẹ̀ ibẹ̀ wà lára ibi tí ìrẹsì ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní agbègbè yẹn, ẹ gba Leri kọjá, ẹ wọ igbó Partecipanza tó jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba igbó àtijọ́ tó ṣẹ́ kù ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn, ẹ sùn ní Trino. Ọjọ́ kẹta ẹ gba orí afárá sọdá Po sí Camino, òkè ti dé nìyẹn, ẹ rọra gùn ún lọ sí Crea níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè wà. Ọjọ́ kẹrin ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Casale Monferrato, kẹ́ẹ wá gba àárín oko ìrẹsì padà sí Vercelli níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti pọ̀.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni kẹ́ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ṣá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ gun òkè tí wọ́n wá ní káwọn fi oko ìrẹsì sinmi, ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n jù tí wọ́n bá débẹ̀, wọn ò ní wo nǹkan kan mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí fọ́tò kan tí gbogbo oko kún fómi bíi dígí, tí òkè oníyìnyín ń hàn nínú omi náà. Ọkọ mi ní ìgbàkígbà la lè lọ rí i, mo ní irọ́ ni. Ta ló tọ̀nà nínú wa? — Ìyá Ìbejì, Brescia

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ tọ̀nà, ẹ bá mi kí baálé yín. Omi ló ni ilẹ̀ yẹn, kéèyàn tó bèèrè ọ̀nà níbẹ̀ kó kọ́kọ́ bèèrè ibi tómi wà lóṣù yẹn. Láti oṣù kẹrin ni wọ́n ti ń dá omi sínú oko, ìparí oṣù kẹrin títí wọ oṣù karùn-ún lẹ lè rí dígí tẹ́ẹ ń wí yẹn, torí ìrẹsì ò tíì yọrí. Kì í ṣe tìtorí òùngbẹ ìrẹsì nìkan ni wọ́n ṣe ń da omi yẹn o. Òru máa ń tutù lápá ibẹ̀ nígbà yẹn, omi náà ló máa ń pa ooru ọ̀sán mọ́ kí ọmọ ìrẹsì má bàa kú. Omi ọ̀hún alára, yìnyín orí òkè Alps tó ń yọ́ wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́dún tí yìnyín bá kéré wàhálà dé, bó ṣe rí lọ́dún 2022 nígbà tí ọ̀dá mú gbogbo agbègbè odò Po, tí oko púpọ̀ ò rí omi tó.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí fọ́tò ò ní sọ fún yín. Àgbẹ̀ tó pọ̀ nísìnyí ló ń gbin ìrẹsì sínú ilẹ̀ gbígbẹ, tó bá ti hù tó dàgbà díẹ̀ ni wọ́n ń wá da omi sí i, ó lè ti di oṣù kẹfà nígbà yẹn. Torí náà lóṣù karùn-ún ẹ lè rí oko kan tó kún dẹ́nu, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gbẹ gan-an. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ẹ kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀, òmíì ń bẹ níwájú. Lékeléke lẹ máa wò kẹ́ẹ fi mọ ibi tómi wà, tí wọ́n bá ti pọ̀ sójú kan, omi wà níbẹ̀ nìyẹn.

Oṣù keje àti ìkẹjọ, gbogbo ẹ̀ ti di ewéko tútù minimini, ó rẹwà, àmọ́ oòrùn ibẹ̀ mú, kò síbòòji, ẹ̀fọn ibẹ̀ ò sì gbọ́ bẹ̀bẹ̀, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ẹ ti wọlé. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni ìkórè, oko á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ilẹ̀ á gbẹ, ẹ̀rọ ńláńlá á máa kó ìrẹsì káàkiri, eruku díẹ̀ á wà. Láti oṣù kọkànlá kùrukùru ló ń jọba, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín, ẹrẹ̀ á sì bo ọ̀nà. Tẹ́ẹ bá bi mí, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún fún omi, ìparí oṣù kẹsàn-án fún gígun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, mi ò ní mú oṣù mìíì.

Tí òjò ńlá bá rọ̀ lóru, ẹ má wọnú oko láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, á lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà ò fi ní lè yí mọ́, ẹ̀yin lẹ máa gbé kẹ̀kẹ́. Ẹ gba ọ̀nà kékeré tó ní ọ̀dà lọ́jọ́ yẹn kílẹ̀ lè gbẹ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, táyà wo? — Àbúrò yín, Verona

Ìdáhùn: Táyà 40 mm sókè, èmi fẹ́ràn 45. Lo èyí tí kò ní tíúbù, tí wọ́n ń da omi gọ́ọ̀mù tó ń dí ihò sínú ẹ̀, torí igi robinia ẹlẹ́gùn-ún pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, táwọn àgbẹ̀ bá sì ti gé e ẹ̀gún máa ń wà nílẹ̀ káàkiri. Mú tíúbù kan àti póm̀pù dání síbẹ̀síbẹ̀. Má fẹ́ ẹ le bí òkúta, jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, ọwọ́ ẹ á dúpẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ n lẹ́ o, ẹ̀yin aláṣẹ ìwé ìròyìn. Torino ni mo ń gbé, mo ti fẹ̀yìntì, kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń ṣe eré ìdárayá. Mo rí ọ̀nà gbígbòòrò kan lẹ́bàá Canale Cavour, ó wù mí, àmọ́ mo rí géètì, mo rí pátákó. Ṣé wọ́n gbà kéèyàn gbabẹ̀? Ta tiẹ̀ ló gbẹ́ omi ńlá báyìí? — Baba Àgbà, Torino

Ìdáhùn: Ẹ kú àgbà o sà. Màá bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè kejì torí òun ló máa jẹ́ kẹ́ẹ lóye àkọ́kọ́.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Francesco Rossi, tó máa ń wọn ilẹ̀ ní Vercelli, ló kọ́kọ́ ní in lọ́kàn pé wọ́n lè fa omi odò Po wá sínú oko ìrẹsì. Camillo Benso di Cavour, olórí ìjọba nígbà yẹn, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, torí àgbẹ̀ lòun náà, oko ìdílé ẹ̀ wà ní Leri tí mo dárúkọ lókè, ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Kó tó ṣẹlẹ̀ ó kú lọ́dún 1861. Ẹnjinníà Carlo Noè ló ya àwòrán iṣẹ́ náà, ọdún 1863 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di 1866 omi ti ń ṣàn, tọkùnrin tobìnrin ló fi ṣọ́bìrì àti ọwọ́ gbẹ́ ẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Nǹkan bíi 85 km ni, láti Chivasso títí dé Galliate níbi tó ti ń já sínú odò Ticino. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe ń pàdé odò mìíì. Tó bá dé Dora Baltea, orí afárá lomi náà ń gbà kọjá, omi lórí omi. Tó bá dé Sesia, abẹ́ odò ló gbà, nítòsí Greggio, á rì sílẹ̀ lápá ìhín, á jáde lápá ọ̀hún. Sà, tẹ́ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Chivasso ẹ ó rí méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ẹ wò wọ́n dáadáa.

Ní báyìí, ọ̀nà tẹ́ẹ rí yẹn, ọ̀nà iṣẹ́ ni. Àwọn tó ń ṣí omi tó ń ti omi ló ni ín, lórúkọ àwọn ẹgbẹ́ alómirin bíi Ovest Sesia ti Vercelli, tó ti wà láti ọdún 1853, àti Est Sesia ti Novara. Ibòmíì wà tí wọn ò dí, èèyàn ń gbabẹ̀ lójoojúmọ́. Ibòmíì wà tó jẹ́ pé géètì ni. Tẹ́ẹ bá rí pátákó tó kọ "divieto di accesso" (ẹ má wọlé) tàbí "strada privata" (ọ̀nà aládàáni), ẹ padà sà, ẹ má bá wọn jiyàn, ọ̀nà oko mìíì ò ní jìnnà. Inú ń bí mi sáwọn tó ń gbé kẹ̀kẹ́ kọjá lórí géètì, torí àwọn ni wọ́n máa jẹ́ kí wọ́n ti gbogbo ẹ̀ pa mọ́ gbogbo wa lọ́jọ́ kan. Bákan náà, ẹ má gun orí ebè tó yí oko ká, amọ̀ lásán ni wọ́n fi mọ ọ́n, òun ló di omi mú, táyà kan lè ya á, kí omi àgbẹ̀ ṣòfò. Tí tirakitọ̀ bá ń bọ̀, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ juwọ́ sí i, òun náà á juwọ́.

Nǹkan tó jẹ mí lógún jù nìyí: etí omi yẹn ò ní irin ìdúró lọ́pọ̀ ibi, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dá gẹ̀rẹ́, omi ń sáré. Ẹni tó bá jábọ́ sínú ẹ̀ á ṣòro kó tó rí ibi dì mú jáde, bó tilẹ̀ mọ lúwẹ̀ẹ́. Ẹ gun àárín ọ̀nà, ẹ má wo fóònù lórí kẹ̀kẹ́, ẹ má gbabẹ̀ lóru.

Ìbéèrè: Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún mi ò le bíi tàtẹ̀yìnwá, àmọ́ mo fẹ́ rí òkè Monferrato, pàápàá ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè tí wọ́n ń sọ. Ṣé kí n pa á tì ni? — Màmá Gbogbo Ilé, Novara

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé o Màmá. Ẹ má pa á tì rárá. Òkè Monferrato ò ga, Crea gan-an, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ ń wí yẹn wà, tó wà lára èyí tó ga jù nínú wọn, nǹkan bíi mítà 455 ni, àmọ́ wọ́n kúrú wọ́n sì dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀, ẹ máa gùn, ẹ máa sọ̀, ẹ tún máa gùn. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì lẹ máa yá, kò sóhun tó burú ńbẹ̀, ẹni tó bá ní ìyẹn kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fi agbára bátìrì pa mọ́ fún òkè, nílẹ̀ pẹrẹsẹ ẹ pa á.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Casale Monferrato láàárọ̀ kùtù, ẹ gòkè lọ sí Rosignano, ẹ gba Cella Monte, ẹ padà gba Ozzano, nǹkan bíi 30 km nìyẹn, ó tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní Cella Monte, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ rí infernot. Yàrá kékeré ni, abẹ́ ilé ló wà, àwọn àgbẹ̀ ló fọwọ́ gbẹ́ ẹ sínú òkúta tí wọ́n ń pè ní Pietra da Cantoni, wọ́n gbẹ́ pẹpẹ sára ògiri ẹ̀ káàkiri fún ìgò wáìnì, kò sí fèrèsé kankan ńbẹ̀. Ìgbà òtútù tí iṣẹ́ oko ò sí ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ. UNESCO fi òun àti oko àjàrà agbègbè yẹn sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2014, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni kẹ́ẹ lọ sí Sacro Monte di Crea, láti Serralunga di Crea lẹ máa gbà gòkè. Ọdún 1589 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ilé àdúrà kéékèèké tó wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n sínú igbó láti ìsàlẹ̀ dókè, ère amọ̀ wà nínú wọn, UNESCO mú òun náà lọ́dún 2003. Ẹ dè kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ẹ fẹsẹ̀ rìn ibẹ̀ Màmá, ẹ má ṣe gun kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn tó ń gbàdúrà. Tẹ́ẹ bá dé orí ẹ̀, ẹ yíjú sí àríwá, gbogbo oko ìrẹsì tẹ́ẹ máa ń rí nílé ló máa wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín títí dé ìdí òkè Alps. Tẹ́ẹ bá ń sọ̀, ẹ fa búrèkì méjèèjì díẹ̀díẹ̀ kẹ́ẹ tó dé kọ́nà, òkúta wẹ́wẹ́ máa ń kó jọ sójú kọ́nà gan-an.

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum. Mùsùlùmí ni wá, ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́rin. Kí la máa jẹ ní ilẹ̀ onírẹsì yẹn? — Alhaja, Bergamo

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam, Alhaja. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gidi, torí oúnjẹ tí wọ́n máa fi ṣe yín lálejò ní Vercelli, panissa, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni lójú, àmọ́ sálámì ẹlẹ́dẹ̀ àti wáìnì pupa wà nínú ẹ̀. Paniscia ti Novara náà rí bẹ́ẹ̀. Risotto lásán pàápàá, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n ń rò lórí iná, wáìnì funfun ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n tún ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ inú oko lápá ibẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kó tó dáná, "senza maiale, senza vino", ìyẹn láìsí ẹlẹ́dẹ̀, láìsí wáìnì, ẹ má dúró dìgbà tí àwo bá délẹ̀. Píṣà onítòmátì àti pásítà onítòmátì kì í sábà ní wàhálà, ẹ ṣáà tún bi wọ́n. Èyí tó dáa jù ni kẹ́ẹ ra nǹkan sílẹ̀ ní Novara tàbí Vercelli níbi tí ṣọ́ọ̀bù halal wà, kẹ́ẹ kó o sínú báàgì kẹ̀kẹ́, torí abúlé tó wà láàárín oko, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ní ju ilé kọfí kan lọ. Ilé oúnjẹ máa ń tilẹ̀kùn ìdáná ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, wọn ò ní ṣí i mọ́ títí aago méje ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ajé.

Omi ẹ̀rọ tó wà ní gbàgede abúlé ẹ lè mu ún, àfi tí wọ́n bá kọ "non potabile" (kò ṣeé mu) sí i lára. Omi oko ẹ má fọwọ́ kàn án, oògùn apakòkò àti apagbó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá, oṣù kẹwàá la fẹ́ lọ láti Milano. Ṣé a lè gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin? Ṣé dandan ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì? Òfin wo ló tún wà? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Milano

Ìdáhùn: Ọkọ̀ ojú irin agbègbè, regionale, tó ń lọ láti Milano sí Torino ni kẹ́ẹ wọ̀, ó ń dúró ní Novara, Vercelli, Santhià àti Chivasso, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ mọ́ tiyín, ẹ wá ibi tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sí lára ọkọ̀. Frecciarossa, ọkọ̀ ojú irin ayára, ò ní gbà á àfi tẹ́ẹ bá tú u kẹ́ẹ dì í sínú báàgì. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì kì í ṣe dandan fún àgbàlagbà lábẹ́ òfin, èmi ò ní jáde láìdé e. Iná iwájú àti tẹ̀yìn ṣe pàtàkì, tílẹ̀ bá sì ti ṣú tẹ́ẹ wà lẹ́yìn ìlú, dandan ni kẹ́ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán níná. Ẹ tò tẹ̀lé ara yín lẹ́yìn ìlú, ẹ má gùn ún ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Tí nǹkan bá ṣe yín, 112 lẹ máa pè.

Oṣù kẹwàá tẹ́ẹ mú yẹn, ọdẹ wà níta. Ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù kẹsàn-án ni òfin ń ṣí ìdẹ, títí di ọjọ́ 31 oṣù kìíní, òfin sì fún ọdẹ láyè láti wọ oko onílẹ̀ tí wọn ò fi ọgbà yí ká. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọn kì í dẹ, torí náà tẹ́ẹ bá lè fi ọ̀nà inú igbó Monferrato sí ọjọ́ méjì yẹn, ó dáa. Òwúrọ̀ Sunday ni wọ́n pọ̀ jù, ẹ gba ọ̀nà ẹ̀bá omi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tàbí yẹ́lò tó ń tàn, tẹ́ẹ bá gbọ́ ìró ìbọn nítòsí ẹ dúró, ẹ pariwo kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀, tí wọ́n bá ti dá yín lóhùn kẹ́ẹ tó máa lọ.